Ta Ló Fi Kíkan Ṣàdúrà Rí?

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, oyin ni wọ́n fi kàn mí lẹ́nu,
wọ́n fi ìrèké, wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀.
Kò sẹ́ni tó rántí gbé ohun tó kan wá.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, èmi rèé l'Ákùúrẹ́,
ní yàrá kan lẹ́yìn Ọ̀yẹ́mẹkùn,
mò ń wá kíkan kiri.

Ilá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, agbọ̀n méjì.
Ìyàwó Akíndùró tó tà á fún mi ní,
"Àlejò mélòó lẹ fẹ́ sebẹ̀ fún?"
Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ fún un
pé ọbẹ̀ yìí kò ní gba ẹnu kọjá.
Mo rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sómi,
mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo da sípíríìtì sí i,
mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo jọ̀ ọ́.
Agbọ̀n méjì di ìyẹ̀fun tí kò kún ife tíì.
Mo pò ó mọ́ ásíìdì tó ń mú wàrà kan,
mo fi irin tẹ̀ ẹ́,
ó pẹlẹbẹ bí kóró àgbálùmọ̀.

Èyí àkọ́kọ́ fọ́ sí mi lọ́wọ́.
Ìkẹfà le bí òkúta Ìdànrè, ó sun inú omi mọ́jú, kò mira.
Ìkọkànlá yọ́ bí owó oṣù.
Ìkẹtàlá ì bá dára, iná lọ,
òjò ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ ọ́ bí bísíkíìtì inú tíì.

Nítorí Àǹtí Mopélọ́lá ni.
Tíṣà ni, ní Òdòsídà, l'Óǹdó.
Àárọ̀, ọṣẹ. Ọ̀sán, ọṣẹ.
Alẹ́, Dẹ́tọ́ọ̀lù nínú omi gbígbóná.
Bó ti ń fọ̀ ọ́ ló ń yun ún, bó ti ń yun ún ló ń fọ̀ ọ́,
òórùn bí ẹja ń tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì,
ó fi ìjókòó iwájú sílẹ̀, ó lọ jókòó ti fèrèsé.
Ọkọ rẹ̀ gbé ìrọ̀rí lọ sí pálọ̀.
Ọdún méjì, kò sọ fẹ́nì kan,
àfi èmi, lọ́jọ́ tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí.

Ojú ara la ń pè é, ká má baà dárúkọ rẹ̀.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń pè:
ojú.
Ta ní ń la ojú sílẹ̀ kó fi ọṣẹ fọ ẹyin rẹ̀?

Àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan ń gbé ibẹ̀,
ìbátan àwọn tó ń sọ omi ògì di omikan.
Kíkan ni wọ́n fi ń ṣọ́ ilé.
Ọṣẹ dé, wọ́n kú, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.
Hóró mi kì í ṣe ọmọ ogun.
Kó kàn wọlé, kó mumi, kó wú,
kó máa yọ̀, kó má sì ṣàn lọ,
kó máa tú kíkan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ di ìdájí,
káwọn onílé lè rí ibi padà sí.

Ìkẹtàdínlógún: alẹ́ Ọjọ́bọ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń hó.
Wákàtí kan, ó wú.
Wákàtí mẹ́fà, ó ṣì wà.
Mo fi bébà kàn án, mo gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì.
Mẹ́rin.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo tún un kọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Kò tí ì tó fún ara ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò ṣì pọ̀, ìwé àṣẹ ṣì jìnnà.
Ṣùgbọ́n mo pe Òdòsídà,
omi ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀.
"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ọṣẹ sinmi.
Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.
Ẹ ò dọ̀tí. Ẹ ò kan tó ni."
Ó dákẹ́, mo rò pé káàdì ti tán.
"Kan kẹ̀? Ṣé ògì ni mí?"
Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀,
mo sì gbọ́ bó ti pa ẹ̀rọ omi.